ÌTỌ́JÚ ILÉ: Ìsopọ̀ Páìpù Omi, Èyí Tí A Óò Tú àti Èyí Tí A Kò Gbọdọ̀ Tú

  Ohun tó kan ilé tí a ń gbé ni a máa ń gbé yẹ̀ wò lórí abala yìí, nítorí pé ẹni tó ń sin Ọlọ́run náà ní láti wẹ̀, kó sè, kó fọ aṣọ, kó sì mu omi. Ọ̀rọ̀ omi ni a mú wá lónìí, pàápàá bí a ṣe ń so páìpù mọ́ páìpù, àti bí a ṣe ń so fáàfù, ìyẹn ohun tí a fi ń ti omi pa tí a sì fi ń ṣí i, mọ́ páìpù.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn púlọ́mbà nìkan lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í rin lẹ́yìn ọdún méjì, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ta ni yóò fọ́ táìlì tí a fi owó àjọ rà? Ta ni àwọn ayálégbé yóò bínú sí? Onílé ni. Nítorí náà, ó yẹ kí onílé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sínú ilé rẹ̀ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ ní Papalanto àti agbègbè rẹ̀. Púlọ́mbà yóò dé, yóò kí ìyá onílé, yóò sì béèrè pé, “Màmá, ṣé páìpù onígọ́ọ̀mù ni ká lò ni, àbí èyí tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀?” Ìyá yóò ní, “Ọmọ mi, èyí tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n ni kí o ṣe fún mi o. Mo ṣì ń wá owó ilẹ̀kùn.” Òun náà yóò ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, a ó ṣe é kó dáa.” Ó parí. Kò sí ẹni tó béèrè pé ibo ni a ó ti lè tú páìpù náà bí ohun kan bá bàjẹ́, tàbí ibo ni a kò gbọdọ̀ fi ohun tó ṣeé tú sí rárá.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Oríṣi ìsopọ̀ méjì péré ló wà nínú ilé, bó ti wù kí orúkọ wọn pọ̀ tó: èyí tí a so pọ̀ títí láé, àti èyí tí a so kí a lè rí i tú lọ́jọ́ iwájú. Èyí tí yóò wọ inú ògiri tàbí abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti títí láé. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, pọ́ǹpù àti táǹkì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé tú. Ẹni tó bá fi èkínní sí ipò èkejì yóò fi ayùn gé páìpù nígbà tó yá. Ẹni tó bá sì fi èkejì sí ipò èkínní yóò fọ́ ògiri.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN WA NÍ PAPALANTO

Gbogbo wa la mọ ibi tí Papalanto wà: ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò, níbi tí ọ̀nà Ìlárò àti ọ̀nà Ṣàgámù ti ya kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. A sì mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ wa. Òkúta ẹfun ni. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí Ewékorò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960.

Òkúta tó ń mú sìmẹ́ǹtì jáde yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe sí omi pẹ̀lú. Bí òjò ti ń wọlẹ̀, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú òkúta ẹfun náà mọ́ ara rẹ̀. Bí kànga tàbí kànga-dẹ̀rọ bá fa irú omi bẹ́ẹ̀ jáde, omi náà á mọ́ lójú, ó sì lè dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ni ti ilé yín, ẹ wo ìdí kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi tíì. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó le bí èèpá lára rẹ̀, ẹfun inú omi nìyẹn. Ohun kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú fáàfù àti ẹnu ẹ̀rọ.

Ibi tí omi bá ti rí báyìí, fáàfù kì í pẹ́ kó tó le koko tàbí kó máa jò. Ó lè di dandan láti pààrọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí àwọn ọmọ tó dàgbà kúrò nílé. Páìpù inú ògiri lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní àbùkù, ṣùgbọ́n fáàfù dà bí táyà ọkọ̀: pípààrọ̀ ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá fi gọ́ọ̀mù lẹ fáàfù pa mọ́ páìpù ní ìhà méjèèjì dà bí ẹni tó jó táyà mọ́ ọkọ̀.

PÁÌPÙ LÓ Ń SỌ BÍ A ÓÒ ṢE SO Ó

Kò sí ìsopọ̀ kan tó bá gbogbo páìpù mu. Ohun tí a fi ṣe páìpù ló ń sọ bí a óò ṣe so ó. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Páìpù onírin. Èyí ni àwọn baba wa lò jù. A ń gé tírẹ́ẹ̀dì sí i lẹ́nu, bí ti ọrùn ìgò tí ìdérí ń yí mọ́. Akọ ni a ń pe èyí tó ní tírẹ́ẹ̀dì lóde, abo sì ni èyí tó ní in nínú. A ń fi fọ́nrán okùn àti ọ̀dà, tàbí tépù funfun, dí àárín wọn. Ohun tí wọ́n fi ṣe tépù funfun náà ni wọ́n ṣèèṣì ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, nígbà tí Roy Plunkett ń wá ohun mìíràn. Ó ń yọ̀, omi kì í wọ inú rẹ̀, kì í sì í jẹrà.

Àǹfààní páìpù onírin ni pé ó lágbára, a sì lè tú u. Àbùkù rẹ̀ ni pé wọ́n fi síǹkì bo irin náà kó má baà dípẹtà, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gé tírẹ́ẹ̀dì sí i, a ti gé síǹkì náà kúrò. Nítorí náà, ojú ìsopọ̀ ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà níta, a óò rí i. Bí ó bá wà nínú ògiri, ògiri ni yóò sọ fún wa.

2. Páìpù onígọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní PVC. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni gọ́ọ̀mù yìí ń lẹ̀ bí ìgbà tí a fi àtè lẹ ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń rọ ojú páìpù àti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn méjèèjì á yọ́ wọnú ara wọn, nígbà tí ohun olóòórùn inú gọ́ọ̀mù náà bá sì fẹ́ lọ, wọ́n á di ọ̀kan. Bí a bá ṣe é dáadáa, kò ṣeé tú mọ́ láéláé. Ìsopọ̀ títí láé nìyẹn, ó sì dára fún inú ògiri.

Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń ṣe é. A óò gé páìpù náà gún, kì í ṣe ní ìdàgẹ̀rẹ̀. A óò ha ẹnu rẹ̀ kí ó má ní ìdọ̀tí tàbí irun. A óò nù ún gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku ń bo gbogbo nǹkan, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kun gọ́ọ̀mù sórí páìpù tí wọn kò tíì nù, nítorí pé eruku ni gọ́ọ̀mù náà yóò rọ̀ mọ́. A óò kun páìpù àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a óò tì í wọlé dé ìdí, a óò yí i díẹ̀, a óò sì dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lẹ́yìn náà, a óò fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí a tó jẹ́ kí agbára omi dé ibẹ̀. Púlọ́mbà tó lẹ gọ́ọ̀mù láàárọ̀ tó sì ṣí omi sí i lọ́sàn-án kò fún un láyè láti gbẹ.

Gọ́ọ̀mù tó ti ki nínú agolo kò dára mọ́. Kí wọ́n má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí ohun mìíràn là á. Ẹ sì kíyè sí i pé iná lè gbá òórùn rẹ̀ mú: kí wọ́n má ṣe mu sìgá tàbí tan àbẹ́là níbẹ̀, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

3. Páìpù tí a ń fi iná jó pọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PPR. Òun ló ń gbòde báyìí nínú àwọn ilé tuntun. Gọ́ọ̀mù kì í mú un rárá, nítorí pé gọ́ọ̀mù kò lè yọ́ irú rọ́bà yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi gọ́ọ̀mù lẹ PPR fún yín, kò ṣe nǹkan kan. Irin gbígbóná ni a ń lò, tí ooru rẹ̀ jẹ́ 260 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. A óò fi páìpù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́ẹ̀kan náà: ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún páìpù mìlímítà 20, ìṣẹ́jú-àáyá 7 fún mìlímítà 25, ìṣẹ́jú-àáyá 8 fún mìlímítà 32. A óò yọ wọ́n, a óò tì wọ́n bọ ara wọn ní gbọọrọ láìyí wọn, a óò sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 4 kí wọ́n tutù.

Bí wọ́n bá jó o jù, rọ́bà yóò ṣàn sínú páìpù, yóò sì dí ọ̀nà omi kù. Bí kò bá jó tó, yóò jò. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti wọlé: bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, irin náà yóò máa tutù, púlọ́mbà tó ń kánjú sì lè fẹ́ lo ooru tó kù lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró, tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ìsopọ̀ kan tí kò jó dáadáa ti tó láti ba iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún mìíràn jẹ́. Bí a bá ṣe é bó ti yẹ, ìsopọ̀ títí láé ni òun náà, ó sì lè gba omi gbígbóná ju PVC lásán lọ.

4. Páìpù dúdú tó rọ̀, èyí tí a ń ká bí okùn. Irú rọ́bà rẹ̀ kò gba gọ́ọ̀mù bákan náà. Ohun ìsopọ̀ tó ní rọ́bà àti òrùka nínú, tí a ń fi ọwọ́ tàbí sípánà yí mọ́ ọn, ni a fi ń so ó. Ó ṣeé tú, nítorí náà, níta tàbí nínú kòtò tí a lè ṣí ni ipò rẹ̀, kì í ṣe nínú ògiri.

NÍBI TÍ RỌ́BÀ TI PÀDÉ IRIN

Ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù lọ ni ibi tí oríṣi méjì ti pàdé. Tírẹ́ẹ̀dì akọ irin fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bó ti ń wọlé. Bí a bá yí i sínú abo tó jẹ́ rọ́bà lásán, ńṣe ló ń ṣe bí èèkàn tí a fi ń la igi. Ó lè má là lọ́jọ́ náà. Ó lè là ní òru ọjọ́ kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí akọ rọ́bà wọ inú abo irin. Bí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ra abo tí wọ́n ti fi idẹ sí nínú. Owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó owó ògiri kan.

Tépù funfun náà kì í ṣe ohun tí a ń wé bí gèlè. Ẹ wé e sí ìhà tí a óò yí ìsopọ̀ náà sí, kí ó má baà ká kúrò bí ó ti ń wọlé. Kí ó tò tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má ṣe bo ihò ẹnu páìpù. Bí púlọ́mbà bá wé e nípọn jù lórí rọ́bà, ó ń fi agbára kún ohun tó fẹ́ la abo náà ni.

FÁÀFÙ ÀTI YÚNÍỌ̀N

Fáàfù méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní ọwọ́ roboto tí a ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kó tó tì, òun ni wọ́n ń pè ní gate valve. Nínú rẹ̀, pátákó irin kékeré kan ń lọ sókè sódò nínú ihò tóóró. Bí ẹfun inú omi bá lẹ̀ mọ́ ihò náà, pátákó kò ní í dé ìdí mọ́, omi yóò máa jò kọjá. Èkejì ní ọwọ́ gígùn tí a kàn ń yí lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, òun ni ball valve. Bọ́ọ̀lù tó ní ihò ló wà nínú rẹ̀. Fún títì àti ṣíṣí inú ilé, èyí yẹ wá jù níbi tí omi bá ní ẹfun. Ẹ ṣáà máa yí i tì, kí ẹ sì tún ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó má baà gan.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ béèrè fún yúníọ̀n. Ohun ìsopọ̀ alápá méjì ni, tí òrùka kan so pọ̀. Bí a bá tú òrùka náà, fáàfù yóò bọ́ sílẹ̀ láìgé páìpù. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ fáàfù ńlá tó wà lábẹ́ táǹkì, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, nítorí pé pọ́ǹpù máa ń gbọ̀n, yóò sì nílò àtúnṣe lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe rì í sínú ògiri láé, nítorí pé rọ́bà inú rẹ̀ kì í ṣe ohun ayérayé.

Kí fáàfù sì pọ̀ tó. Ilé tí ó jẹ́ pé fáàfù kan ṣoṣo ló wà nídìí táǹkì, bí ẹnu ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́, gbogbo ilé ni kò ní í rí omi lò. Bí yàrá ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní tirẹ̀, ayálégbé kan kò ní í jìyà nítorí èkejì, ìjà yóò sì dín kù nínú ọgbà.

BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU

Ẹlòmíràn á ní, “Ó ń kán díẹ̀ ni, kò burú.” Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí omi bá ń kán ní ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 86,400 ni ní ọjọ́ kan. Bí ẹ̀kán 20 bá jẹ́ mìlílítà kan, ó ju lítà 4 lọ lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 6, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ti wọlẹ̀, omi tí ẹ sanwó iná tàbí epo láti fà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibi tí omi ti lè jáde nínú páìpù ni ìdọ̀tí ti lè wọlé. Nígbà tí omi bá wà nínú páìpù pẹ̀lú agbára, ó ń ti nǹkan jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá lọ, tàbí nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi láti inú páìpù náà, páìpù lè fa ohun tó wà lóde rẹ̀ wọlé. Bí ó bá gba inú gọ́tà kọjá, tàbí ẹ̀gbẹ́ ṣaláńgá, ẹ mọ ohun tí yóò fà. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè fa ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọ, nígbà tí ìyá wọn rò pé omi ẹ̀rọ tó mọ́ lòun ń fún wọn mu. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé páìpù omi mímu gba inú gọ́tà. Bí ọ̀nà mìíràn kò bá sí, kí páìpù náà gba ojú òkè gọ́tà kọjá lódindi, láìsí ìsopọ̀ kankan níbẹ̀.

KÍ WỌ́N TÓ FI SÌMẸ́ǸTÌ BÒ Ó

Ẹ̀yin baba àti ìyá tó ń kọ́lé, ohun márùn-ún yìí ni kí ẹ ṣe:

Èkínní, kí ẹ bá púlọ́mbà jókòó kó tó ra ọjà, kí ẹ jọ ka ibi tí fáàfù àti yúníọ̀n yóò wà.

Èkejì, kí páìpù àti àwọn ohun ìsopọ̀ rẹ̀ jẹ́ oríṣi kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pa PVC àti PPR pọ̀ láìsí ohun ìsopọ̀ onítírẹ́ẹ̀dì láàárín wọn.

Ẹ̀kẹta, kí ìsopọ̀ inú ògiri kéré bó bá ti lè kéré tó. Páìpù gígùn kan sàn ju àjákù mẹ́ta tí a lẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn wákàtí 24, kí wọ́n dí gbogbo ẹnu páìpù, kí wọ́n kún un fún omi, kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ rántí pé gíga mítà 10 ni táǹkì gbọ́dọ̀ ní kí agbára omi tó pé báà kan. Táǹkì tó wà ní mítà 4 kò ní ìdajì báà. Agbára kékeré bẹ́ẹ̀ lè má tètè fi ìsopọ̀ tí kò dára hàn. Bí púlọ́mbà bá ní pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n fi ń dán páìpù wò, kí ó lò ó. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì fi ọwọ́ gbígbẹ kan ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ògiri kí wọ́n tó bò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri, ẹ óò mọ ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kàn án sí.

Ẹ̀yin púlọ́mbà tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan rèé fún yín. Iṣẹ́ yín ni wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì bò. Kò sí ẹni tó máa rí i bí ẹ kò bá nu eruku kúrò. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ń ríran ní ìkọ̀kọ̀ rí i, ìyá tó ń tà nínú oòrùn kó tó rí owó yẹn san ni yóò sì fọ́ ògiri rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÌDÍLÉ

Iṣẹ́ omi kì í ṣe ohun tuntun nínú Bíbélì. Ìwé àwọn Ọba Kejì, orí 20, mẹ́nu ba ọ̀nà omi tí Hesekáyà ọba ṣe wọ inú ìlú. Ọ̀nà abẹ́ òkúta kan wà ní Jerúsálẹ́mù títí di òní, tó gùn ju 500 mítà lọ, láti orísun Gíhónì dé adágún Sílóámù, èyí tí Jésù rán ọkùnrin afọ́jú náà lọ wẹ̀ sí. Ní ọdún 1880 ni wọ́n rí ìkọ̀wé àtijọ́ kan lára ògiri rẹ̀. Kò yin ọba, kò dárúkọ ọ̀gá kan. Ohun tó sọ ni bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbẹ́ bọ̀ láti ìhà méjì, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn nínú òkúta, títí wọ́n fi pàdé. Nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá yẹn, ibi ìsopọ̀ ni wọ́n rò pé ó yẹ kí a kọ sílẹ̀.

Pọ́ọ̀lù náà, nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù, orí kẹrin, fi ìjọ wé ara tí oríkèé rẹ̀ gbogbo so pọ̀. Nínú ilé onígbàgbọ́, oríṣi ìsopọ̀ méjì ló wà bákan náà. Ìgbéyàwó jẹ́ ìsopọ̀ títí láé. Ẹni tó bá fi yúníọ̀n sí ìdí ìgbéyàwó, tó ń sọ fún aya tàbí ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé òun lè tú u nígbàkigbà, òjò ló ń pè sínú ògiri ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ lẹ̀ pa. Ètò ìnáwó ilé, ọ̀nà tí a gbà ń tọ́ ọmọ, ìpinnu tí a ṣe nígbà tí a kò tíì mọ̀ tó: ó yẹ kí tọkọtaya lè tú irú wọn, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì dì í padà, láìgé ara wọn. Ọkọ tó bá ní, “Mo ti sọ̀rọ̀, ó parí,” lórí ohun gbogbo ti lẹ fáàfù pa mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ibo ni wọn yóò ti tú u?

Ẹ jọ jókòó lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà. Ẹ bi ara yín pé èwo nínú ilé wa ni a kò gbọdọ̀ tú, èwo ni ó sì yẹ kí a tú wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sídìí táǹkì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ọwọ́ kan fáàfù ibẹ̀ wò, bóyá ó gbẹ.

Ní abala tó ń bọ̀, bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fọ táǹkì omi. Kí Olúwa pa ilé yín mọ́, kí ó sì jẹ́ kí ẹ jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.